Ohun tí ìdánwò àpapọ̀ ń fojú àwọn olùkọ́ rí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2025, ni àjọ WAEC kéde èsì ìdánwò àṣekágbá tọdún náà. Ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí kírẹ́díìtì márùn-ún tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ìdá 72.12 ni. Kíá lariwo ta: àwọn olùkọ́ ò kọ́ ọmọ mọ́, àwọn ọmọ ò kàwé mọ́, fóònù ti bà wọ́n jẹ́. Kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, WAEC ti sọ pé àṣìṣe wà níbẹ̀, wọ́n ti kó èsì náà wálẹ̀, wọ́n sì ti gbé òmíràn jáde: ìdá 62.96. Àwọn olùkọ́ kan náà ni o. Àwọn ọmọ kan náà, ìwé kan náà tí wọ́n kọ. Ohun tó yàtọ̀ ni fáìlì ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì ìbéèrè yan-èyí-tó-tọ́ ti Èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè ti máa ń jáde kí ọmọ tó jókòó, tí ìdáhùn á sì ti kún orí WhatsApp. Láti dí ojú ihò yẹn, WAEC to ìbéèrè Ìṣirò, Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì àti Ẹkonọ́míìsì lọ́nà oríṣiríṣi lọ́dún 2025, tó fi jẹ́ pé ohun tó wà níwájú ọmọ yìí kọ́ ló wà níwájú ẹni tó jókòó tì í. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti wọ́. Àjọ náà tọrọ àforíjì. Akitiyan láti dènà expo yìí kan náà ló sì fa ti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, tí ìwé Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò tètè dé ọ̀pọ̀ ibùdó, tí àwọn ọmọ kan ń fi tọ́ọ̀ṣì àti iná fóònù kọ ìdánwò lóru.

JAMB, àjọ tó ń ṣe UTME, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ti ṣáájú WAEC rí irú ẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún yẹn, wọ́n ní ó lé ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe UTME tí wọn ò rí 200 nínú 400. Nígbà tí ẹjọ́ pọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé àtúnṣe kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣe sórí àwọn ẹ̀rọ sáfà (server) tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò, tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Ọmọ 379,997 ní ibùdó 157 lọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún un ṣe.

N ò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ká mi lára ni bí ọwọ́ wa ṣe yá tó láti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dájọ́ olùkọ́, ká tó bèèrè ibi tí nọ́ńbà náà ti wá. Lórí nọ́ńbà yìí ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe máa ń gba ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Lórí rẹ̀ ni onílé-ẹ̀kọ́ aládàáni ṣe ń pinnu olùkọ́ tí yóò dá padà ní táàmù tó ń bọ̀ àti èyí tí yóò lọ rọọ́kún nílé. Òun náà ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára báńà tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu géètì láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, pẹ̀lú fọ́tò àwọn ọmọ tó rí A1. Ti àwọn tó kù nínú kíláàsì yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní í tẹ̀ ẹ́ sára báńà.

Ẹni tó bá ń ra gààrì Ìjẹ̀bú lọ́jà á tètè yé ohun tó wà níbẹ̀. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, iye kóńgò sì ni èèyàn ń sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí ìdí kóńgò ẹlòmíràn fi tẹ̀ wọnú. Ohun tí a bá ti fi owó tàbí iṣẹ́ èèyàn lé lórí, àwọn èèyàn á wá ọ̀nà láti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Donald Campbell, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn: bí a bá ṣe ń gbára lé nọ́ńbà kan tó láti fi ṣe ìpinnu lórí ìgbé-ayé àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà náà yóò ṣe máa bàjẹ́ tó, tí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi wọ̀n pàápàá á sì máa bá a bàjẹ́.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ kó tó di pé ẹ̀kọ́ ìwé wọ Ìjẹ̀bú rárá. Lọ́dún 1862, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé iye ọmọ tó bá yege ni yóò pinnu owó tí ilé-ẹ̀kọ́ máa gbà. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò: ọmọ tó bá kùnà ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́jọ ti sọnù nìyẹn. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ọmọ há ìwé sórí. Àwọn tó ń lọ yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò bá ọmọ pàdé tó lè ka ojú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé wá sí Èkó nínú òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1887, tí owó ìrànwọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ń tẹ̀lé èsì ìdánwò. Ìjẹ̀bú ò tíì sí lábẹ́ wọn nígbà yẹn. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni ọ̀nà tó là fún àwọn míṣọ́nnárì. Nígbà tí wọ́n dá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1913, ìdánwò ti di ọba. Ìwé ẹ̀rí tó ń ti Cambridge àti London wá ni ọmọ ń lé, kí wọ́n tó dá WAEC sílẹ̀ lọ́dún 1952.

Amẹ́ríkà náà kò kọ́gbọ́n. Oṣù kìíní ọdún 2002 ni ààrẹ wọn, George W. Bush, fọwọ́ sí òfin tó ní kí gbogbo ọmọ láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ máa ṣe ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò lọ́dọọdún, pé tó bá fi máa di 2014, gbogbo ọmọ pátá gbọ́dọ̀ ti kún ojú ìwọ̀n. Gbogbo ọmọ! Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá bá a mu, ìyà ń bẹ fún un. Ní ìlú Atlanta, ìwádìí tó jáde ní 2011 fi hàn pé olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ 178 ní ilé-ẹ̀kọ́ 44 ló lọ́wọ́ nínú màgòmágó, tí àwọn kan nínú wọn ń pa ìdáhùn ọmọ rẹ́, tí wọ́n ń kọ èyí tó tọ̀nà síbẹ̀. Àwọn kan jẹ́bi ní kóòtù lọ́dún 2015, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì fi òfin mìíràn rọ́pò ti Bush.

Ká padà wálé. Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò àfọwọ́ṣe Kẹ́mísírì, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ti ọmọ ọ̀lẹ àti olùkọ́ oníwàkíwà. Kí ọjọ́ náà tó dé, WAEC máa ń fi ìtọ́ni àṣírí ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí olùkọ́ lè po ásíìdì àti àwọn èròjà yòókù sílẹ̀. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ á ṣe é, á kọ iye tó rí lára búrẹ́ẹ̀tì (burette, ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn omi èròjà) sílẹ̀, iye yẹn ni mákà, ẹni tó ń máàkì ìwé, á sì fi wo ti ọmọ: bí ti ọmọ bá ṣe sún mọ́ ti olùkọ́ tó ni máàkì á ṣe pọ̀ tó. Ó bọ́gbọ́n mu, torí omi ásíìdì tí wọ́n pò ní Ọ̀dọgbólú lè má rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n pò ní Ìṣarà.

Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo olùkọ́ kan tó ní ọgọ́ta ọmọ ní SS3, tí búrẹ́ẹ̀tì tó dáa nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ, tí kò sí owó èròjà láti ìgbà tí àwọn ọmọ yìí ti wà ní SS1. Ó mọ iye tí òun rí. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kùnà, torí wọn ò tíì gbá búrẹ́ẹ̀tì mú rí. Àwọn kan ò mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ bá ìpele omi dọ́gba, kó tó ka ìlà. Ó sì mọ̀ pé orúkọ òun ni wọ́n á pè nínú ìpàdé bí èsì bá dé. Kí wá ni olùkọ́ yẹn á ṣe? Bí nọ́ńbà kan bá yọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, gbogbo kíláàsì á kọ ohun kan náà, tàbí kí ẹnì kan fi díẹ̀ lé e, kí ẹlòmíràn dín in kù díẹ̀, kó má baà hàn. Máàkì á wọlé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà á wọ yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè pẹ̀lú kírẹ́díìtì Kẹ́mísírì lọ́wọ́, á sì máa wo búrẹ́ẹ̀tì bí àlejò.

Òfin ò dákẹ́ lórí irú èyí. Òfin màgòmágó ìdánwò ti ọdún 1999 wà, tó fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn dẹ́rù ba ọmọ àti olùkọ́. Àmọ́ òfin ò ra búrẹ́ẹ̀tì.

Ohun kejì tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ò fura sí i. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kí ìdá tó yege ga, ọ̀nà tó yá jù kì í ṣe pé kó kọ́ àwọn tó ń fà sẹ́yìn. Kó má jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ni. Ní òpin SS2, wọ́n á pe ìyá ọmọ, wọ́n á sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé yóò dáa kí ọmọ tún kíláàsì ṣe, tàbí kó lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn. Ibòmíràn yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ilé-ẹ̀kọ́ kan ní abúlé, tí kíláàsì SS1 rẹ̀ kò ju ọmọ mẹ́wàá lọ, tí SS3 rẹ̀ á sì kún fọ́fọ́ bí oṣù kìíní bá ti wọlé. Àwọn ọmọ Èkó ń bá mọ́tò wá. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí á pọ̀ ní ìlọ́po, torí pé ìrànlọ́wọ́ wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan, káàkiri Nàìjíríà ni. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, bí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ṣe sún mọ́ Èkó yìí, ọjà náà ń tà dáadáa níbí. Ní òpin ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé láti sáà 2026/2027, ilé-ẹ̀kọ́ kankan ò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun sí SS3 mọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀lé e, àwọn tó ń wá á dín kù. Àwọn onílé-ẹ̀kọ́ tó mọṣẹ́ wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n láti SS2.

Nínú kíláàsì gan-an, ọdún tó yẹ kó jẹ́ ọdún ìmọ̀ ti di ọdún ìbéèrè àtẹ̀yìnwá. Ìwé ìbéèrè ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ló wà lórí tábìlì dípò ìwé kíkà. Ìdárayá ti lọ, oko ilé-ẹ̀kọ́ ti lọ, iṣẹ́ ọnà ti lọ. Lẹ́yìn agogo méjì, lesson á bẹ̀rẹ̀, òbí ló ń sanwó ẹ̀. Fún olùkọ́ aládàáni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó gbọ́ bùkátà, owó lesson yẹn ló gbé e ró. Kò sí bó ṣe máa bá ìdánwò jà.

Ìyẹn ló ń mú mi rántí Táí Ṣólàrín. Lọ́dún 1956 tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń roko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń bá wọn kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ń ṣe WAEC pẹ̀lú. Ṣólàrín ò sá fún ìdánwò, ó kàn kọ̀ kí ìdánwò máa pàṣẹ fún òun nípa ohun tí ọmọ á fi ọ̀sán rẹ̀ ṣe. Bí èèyàn bá fẹ́ dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lónìí, òbí ni yóò kọ́kọ́ bèèrè: ọmọ mélòó ló rí 300 nínú JAMB?

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 pé WAEC àti NECO gbọ́dọ̀ kúrò lórí bébà pátápátá ní 2026. Nínú oṣù kọkànlá, àwọn aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá ní kí wọ́n sún un sí 2030. Mo rí ohun tí ìjọba rí: JAMB ti ń lo CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, fún gbogbo ọmọ láti 2015, expo ibẹ̀ sì dín kù. Àmọ́ JAMB jẹ́ ọjọ́ kan, ìbéèrè yan-èyí-tó-tọ́ nìkan. WAEC jẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, pẹ̀lú àròkọ, pẹ̀lú àwòrán Báyọ́lọ́jì, pẹ̀lú ìṣirò tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ọmọ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè rin ẹsẹ̀ lọ síbi tí kọ̀ǹpútà wà. Èyí tó wà ní Ìwòpin tàbí Ògbèrè ńkọ́? Ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́? Iná ńkọ́? Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ò bá ní kọ̀ǹpútà, tí ìdá rẹ̀ sì já wálẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n á kọ ìwé sí, kì í ṣe ẹni tí kò ra ẹ̀rọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èdè. Lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde l'Ábùjá pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ̀rí tó mú wá ni WAEC, NECO àti JAMB: ó ní láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jù ni ọmọ ti ń kùnà jù.

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kìíní lábẹ́ ìlànà 2022 ò tíì sún mọ́ WAEC. Ìlànà tó ṣáájú rẹ̀ pàápàá, mélòó ni ilé-ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ìyà ni ọmọ ń jẹ tó bá sọ Yorùbá. Gíredi ọmọ lè sọ iye tó gbà. Kò lè sọ èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ ní ìwé kejì. Àwa tí a ń ka Yorùbá sì mọ̀ pé ẹ̀rí kan wà nílẹ̀. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ wọn dáadáa. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ìdánwò ni wọ́n fi mọ̀, ẹ jọ̀ọ́: wọ́n kó ọmọ sí apá méjì, wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ kan wé èkejì. Bí wọ́n ṣe ń lo ìdánwò láti wádìí nǹkan nìyẹn.

N ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n pa WAEC rẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò mọ ẹnikẹ́ni l'Ábùjá, ìwé WAEC rẹ̀ ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ọmọ mínísítà ò lè fi orúkọ bàbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mákà ò mọ ọmọ ta ni. Bí a bá mú un kúrò, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni ńlá ni yóò gba ipò rẹ̀, ìyẹn sì burú ju expo lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n dá ìdánwò náà fún ni kó máa ṣe: kó sọ ohun tí ọmọ yìí mọ̀. Iṣẹ́ adájọ́ lórí olùkọ́, lórí ilé-ẹ̀kọ́, lórí èdè, ẹlòmíràn ló ń gbé e lé e lórí, nítorí pé ó rọrùn ju kéèyàn lọ jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì kó wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Ohun kan wà tí WAEC ń ṣe tí àwọn tó ń kọ ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ kì í sábà kà. Lẹ́yìn ìdánwò, ọ̀gá àwọn mákà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ìròyìn: ibi tí àwọn ọmọ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti ṣìnà, ohun tí olùkọ́ lè ṣe sí i. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó rí i níbẹ̀, fún àpẹẹrẹ, pé àwọn ọmọ kì í mọ bí wọ́n ṣe lè sọ ìbéèrè Ìṣirò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ di àmì àti nọ́ńbà. Olùkọ́ lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò lè fi ìdá 38 tàbí 62 ṣe ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n ìròyìn yẹn, ti gbogbo ọmọ lápapọ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé WAEC bọ́ sórí kọ̀ǹpútà lóòótọ́, kò yẹ kó ṣòro láti sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán lórí ìbéèrè yan-èyí-tó-tọ́, ibi tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti kùnà: ìbéèrè wo ni ìdajì kíláàsì ò rí ṣe, orí ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ máa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba báyìí nìyẹn, kí wọ́n tó jọ jókòó sọ̀rọ̀ 2026 tàbí 2030. Ohun tó ń dé ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí di ìsinsìnyí ni orúkọ ọmọ àti gíredi níwájú rẹ̀.